Ọ̀fọ̀ Mùsíè Montbrelle

Bí ènìyàn bá dé Tchaourou tó ní Zénabou aránṣọ lòun ń wá, wọ́n á bi í pé Zénabou wo. Ṣùgbọ́n tó bá ní Tata Josette ni, àwọn ọmọ tó ń ta omi á fi ẹnu, ọwọ́ àti orí júwe ilé fún un. Ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Wọ́n kọ "Atelier Josette" sára pátákó iwájú rẹ̀, wọ́n sì ya ọmọbìnrin kan sí i tó mú fìtílà lọ́wọ́, tí irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i a máa rò pé fìtílà ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Mùsùlùmí ni Zénabou, bàbá rẹ̀ Mùsùlùmí, bàbá bàbá rẹ̀ náà Mùsùlùmí. Orúkọ Josette yìí ti kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́ rí. Pásítọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Savè wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní inú òun bàjẹ́ pé òun kì í rí Sista Josette nínú ìsìn. Zénabou ní kó fi orí jì òun, ṣọ́ọ̀bù ló ń jẹ́ Josette, ṣọ́ọ̀bù kì í sì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyí. Bàbá Zénabou ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń ti Cotonou gòkè lọ sí Parakou. Ohunkóhun tí èrò bá gbàgbé sínú ọkọ̀, òun ló ń kó o pamọ́: agboòrùn, bàtà ẹsẹ̀ kan, nígbà kan adìyẹ tó ti yé sábẹ́ àga. Àwọn èèyàn a máa padà wá gba agboòrùn, wọ́n a sì máa padà wá gba adìyẹ pẹ̀lú ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń padà wá gba ìwé. Báyìí ni àpótí kan ṣe kún fún ìwé àwọn ọmọdé Faransé nílé wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn pupa, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn: Josette Fanal, ọmọ ọdún méjìlá, tó ń gbé létí òkun lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, tó ní ajá kan tó ń jẹ́ Biscuit, tó sì mọ olè mú ju ọlọ́pàá lọ. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níwájú gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́: Guy Montbrelle.

Zénabou ka àwọn ìwé yìí títí ó fi lè ka apá kan nínú wọn lójú oorun. Inú wọn ló ti kọ́ Faransé, ìdí nìyẹn tí Faransé rẹ̀ fi kún fún ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀. Bí oníbàárà bá ní aṣọ fún òun jù, Zénabou á ní kó fọkàn balẹ̀, òun á tú ìgbòkun díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omi tó tóbi jù tí obìnrin yìí fojú rí ni odò Ouémé ní Bétérou. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Mùsíè Montbrelle lòun máa fẹ́. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé ó ní oko iṣu. Ó ní òun kò mọ̀. Ìyá ní kó lọ wádìí ìyẹn ná.

Ganiou, tó wá fẹ́ ẹ nígbẹ̀yìn, ní oko iṣu, ó sì tún ní oko kajú lọ́nà Kika. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í ka ìwé, kì í bá ènìyàn jà. Ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ Montbrelle bí ọkùnrin ṣe ń mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ kọnu sí ìyàwó rẹ̀. Bó bá jẹun tó ní iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀, Zénabou á ní, "Mùsíè Montbrelle kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ irú ìyẹn sí obìnrin." Ganiou á gbójú sókè wo páànù, á sì tún fi òkèlè kan ọbẹ̀.

Ikán ló jẹ àpótí ìwé náà lọ́dún tí wọ́n bí Hakim, àkọ́bí wọn tó ti ń gbé ní Cotonou báyìí. Láti ìgbà náà Zénabou kò fojú kan Josette mọ́ àfi lára pátákó. Ó di ọdún yìí kí Faridath, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé-ìwé girama ní Parakou, tó rí òkìtì ìwé àlòkù lórí ẹní kan lọ́jà. Ó wo orí onírun-ìgbálẹ̀ tó wà lára ọ̀kan, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé kì í ṣe pátákó tata mi nìyí?" Ó kó gbogbo wọn sínú àpò, ó sì fi wọ́n rán onítakisí kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Tchaourou.

Nígbà tí àpò dé, Samir ọ̀gá ilé-ìwé ni Zénabou ń wọ̀n fún ṣòkòtò. Ó tú àpò, ó rí ẹ̀yìn pupa àkọ́kọ́, ó lọgun débi pé adìyẹ méjì sá gba ojú títì kọjá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Samir dúró tí okùn ìwọ̀n wà ní ìbàdí rẹ̀, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́. Nígbà tó sú u, ó wọ okùn náà lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ Zénabou ń tẹ ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń ka ìwé. Ohun tó sì ti ìdí ẹ̀rọ yẹn jáde kò ní í tán lẹ́nu ará Tchaourou bọ̀rọ̀. Bùbá kan jáde tí kò ní ọrùn. Ní ti ṣòkòtò Samir, ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí ló ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìkánjú, ẹsẹ̀ méjèèjì sì pàdé nínú ihò kan ṣoṣo. Nígbà tí kò sí òmíràn tó mọ́, ó fò gúlọ́gúlọ́ bí ọ̀pọ̀lọ́ dé iwájú àwọn òbí, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúwàbí.

Ṣùgbọ́n ojú àgbà kì í ṣe ojú ọmọdé. Bí Zénabou ṣe ń ka àwọn ìwé náà tẹ̀lé ara wọn, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. Ó kọjá sí òdì kejì títì lọ bá Bintou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní.

"Bintou, ajá tó ti kú, ṣé ó lè bu ènìyàn jẹ?"

"Ajá ta ni?"

"Ajá Josette."

Bintou ń ta omi sí wàgàsì rẹ̀ lára, ó ronú. "Ó kù sọ́wọ́ irú ikú tó kú."

"Wọ́n sin ín sábẹ́ igi. Mo sunkún, ìwọ náà rí mi, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wá ṣí ìwé tó tẹ̀ lé e, Biscuit fò jáde láti inú ilé, ó gé olè jẹ ní ìdí! Nínú ọ̀kan, ajá funfun kékeré ni. Nínú òmíràn, ó dúdú, ó ga tó màlúù, Josette ń gùn ún. Àǹtí ọmọ náà, opó ni. Mo ṣí ewé, ọkọ rẹ̀ wà ní ìdáná, ó ń bó ànàmọ́!"

"Bóyá ọkọ tuntun ni."

"Orúkọ kan náà ló ń jẹ́ pẹ̀lú èyí tó kú!"

"Ọmọ yẹn gan-an ńkọ́? Ọmọ ọdún mélòó ló wà báyìí?"

"Méjìlá."

"Méjìlá tí bàbá rẹ ti wà nídìí ọkọ̀ ojú irin?" Bintou pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Kí wọ́n gbé ọmọ yẹn lọ sí ilé ìwòsàn. Kò dàgbà."

Ohun tó wá fọ́ gbogbo rẹ̀ lójú ni ẹ̀yìn ìwé méjì kan. Lẹ́yìn àkọ́kọ́, wọ́n tẹ àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ki pípù bọnu. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Guy Montbrelle rèé, tó lo ìgbà èwe rẹ̀ lórí òkun. Lẹ́yìn ìkejì, obìnrin kan tó sanra dáadáa ló dúró láàárín òdòdó, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Guy Montbrelle rèé, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin.

Ganiou ti oko dé ní àkókò náà gan-an, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ó wo àwòrán kìíní, ó wo ìkejì. Ó ní kí ìyàwó òun ka ohun tó wà lábẹ́ wọn fún òun, ó kà á.

"Ìyá Hakim, ṣé ọkùnrin tó ń bá mi du ilé mi láti ọjọ́ yìí, obìnrin ni?"

"Ẹ má bá mi ṣeré, Bàbá Hakim."

"Ó sì bímọ mẹ́rin!"

Ẹ̀rín gbé Ganiou, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó wá àga tí yóò fi ìdí lé. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tí Zénabou fi ń lọṣọ ló jókòó lé. Àwọn tó wà ní ibùdó takisí gbọ́ igbe rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi òrí pa á lára, Zénabou pe Faridath lórí fóònù. Ohùn Faridath wálẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Tata, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ti jókòó? Wọ́n kọ́ wa ní èyí ní yunifásítì. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Guy Montbrelle. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ló ni orúkọ náà. Wọ́n á pe ẹni tó bá lè kọ̀wé, wọ́n á ní kó sáré kọ Josette kan fún àwọn. Ó bá kọ ọ́. Orúkọ Montbrelle ni wọ́n á fi sí i. Tónítọ̀hún bá lọ, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Àwọn kan kò tilẹ̀ ka ohun tí ẹni ìṣáájú kọ."

"Ìyẹn ni ajá ṣe ń kú tó ń jí?"

"Ìyẹn ni, tata."

"Àwọn mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n ní méje, wọ́n ní jù bẹ́ẹ̀."

Zénabou gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó ń wá òrùka tí ẹnì kan ì bá ti fi sí i. "Méje," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri.

Ayọ̀ Ganiou kò tó ọjọ́ kan. Ọbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sè kò níyọ̀ rárá. Ó sọ ọ́, ó sì dúró de èsì rẹ̀ tó ti mọ́ lára, ṣùgbọ́n Zénabou kàn ní, "Òótọ́ ni yín." Ganiou fi òkèlè sílẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tí ì gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ó jáde síta, ó káwọ́ lérí. Alidou tó ń fi alùpùpù kó èrò kọjá, ó bi í léèrè ìdí tí ṣọ́ọ̀bù Tata Josette fi wà ní títì.

Ganiou mí kanlẹ̀. "Ẹnì kan tó fẹ́ràn ní Faransé ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé kò sí."

Òótọ́ pọ́nńbélé ni Ganiou sọ. Ṣùgbọ́n etí Alidou gbà á bí etí ọmọ ènìyàn gbogbo ṣe máa gbà á. Ó ní, "Áà, Ọlọ́run á tù wọ́n nínú, tonton," ó sì gun alùpùpù rẹ̀. Ó gbé èrò lọ sí Sanson, ó sọ ọ́ ní Sanson. Ó gbé èrò lọ sí Kika, ó sọ ọ́ ní Kika. Kò gbé èrò lọ sí Bétérou lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó rí ará Bétérou kan lójú ọ̀nà, ó dúró, ó sọ ọ́ fún un.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Zénabou ṣílẹ̀kùn láti da omi nù, ó bá àgbàlá tó kún fọ́fọ́. Wọ́n ti tẹ́ ẹní. Àwọn obìnrin ti dáná. Iṣu wà nílẹ̀, àgbàdo wà nílẹ̀, àkùkọ kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ń wò ó. Àlùfáà Souradjou jókòó pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀, pásítọ̀ ará Savè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o! Ẹ kú àfaradà o!" ni gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi bọ́ lọ́wọ́ Zénabou. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ganiou ń ka ihò ara páànù.

Àlùfáà Souradjou tún ohùn ṣe. "Ìyá Hakim, kí la pe orúkọ olóògbé, kí á lè ṣàdúrà?"

Ìdààmú kò jẹ́ kí Zénabou rí irọ́ kankan pa. "Guy," ló wí.

"Gíì. Gíì ọmọ ta?"

"Kò ní bàbá."

"Háà. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní ìyá."

"Ọmọ òrukàn!" ni àwọn obìnrin ké. Obìnrin kan láti Sanson tú gèlè rẹ̀.

"Ẹni ọdún mélòó ni?"

"Kò... kò lọ́jọ́ orí."

"Ọmọ jòjòló ni!" Obìnrin ará Sanson gbé ara rẹ̀ ṣánlẹ̀, ó di ìró mú, ó ń yí gbirigbiri lọ sọ́dọ̀ àkùkọ.

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?" ni pásítọ̀ béèrè, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

Zénabou kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ̀yin àgbà, wọn kò sin ín! Kò kú! Kò kú nítorí kò sí, kò tilẹ̀ sí rí! Orúkọ ló wà lẹ́yìn ìwé, kò sí ènìyàn nínú orúkọ náà!"

Obìnrin ará Sanson dáwọ́ yíyí dúró, ó jókòó, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára. Alidou rọra ń ti alùpùpù rẹ̀ jáde lẹ́yìn, wọ́n ní kó dúró síbẹ̀. Àlùfáà Souradjou kó tẹ̀súbáà rẹ̀ jọ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Àdúrà wà fún ẹni tó wà láàyè," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àdúrà wà fún ẹni tó kú. Ẹni tí kò kú tí kò sì wà rí, mi ò gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ mi."

"Tiwa náà kò ní in," ni pásítọ̀ wí. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kọ́kọ́ ṣọ̀kan.

Bintou ló yọ gbogbo ènìyàn nínú ìtìjú. Ó ní, "Ẹ ti dé, oúnjẹ sì wà lórí iná. Bẹ́ẹ bá padà báyìí, kí lẹ fẹ́ wí nílé? Ìtàn tí aláìsí yìí kọ pọ̀ lọ́wọ́ Zénabou. Zénabou, sọ ọ̀kan fún wọn kí iṣu tó jinná."

Zénabou kọ́kọ́ lọ́ra. Ó wá jókòó, ó sì mú èyí tí olè jí iná orí ilé gíga etí òkun, iná tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Ó sọ ọ́ ní èdè wa. Àwọn ará Kika kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ní kí wọ́n ro òpó fóònù kí wọ́n gbé fìtílà lé e lórí. Nígbà tí Josette wọ inú ihò àpáta, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Àlùfáà ní ẹni tó ń tọ́jú iná náà lolè, pásítọ̀ ní rárá, apẹja ni. Iṣu jinná, iṣu fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ṣùgbọ́n nígbà tí ajá fẹ́ wọlé sínú ìtàn, Zénabou dúró.

"Mi ò ní tàn yín jẹ," ó wí. "Ajá yìí ti kú nínú ìwé mìíràn."

"Kí ló burú níbẹ̀?" Ganiou ló sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó la ẹnu láti òwúrọ̀. "Ìjàpá ńkọ́? Ìyá mi a máa sè é jẹ nínú àlọ́, tó bá dọ̀la á tún ti wà lóko olóko. Ṣé ẹ rí ẹni tó béèrè pé ta ló kọ Ìjàpá?"

"Ilé wa ló ti wá," ni bàbá kan láti Sanson dá a lóhùn.

"Irọ́ ni, Savè ni!" ni pásítọ̀ wí.

Ariwo bẹ́. Wọ́n fi ẹni tó ni Ìjàpá fa ara wọn láṣọ títí wọ́n fi bu iṣu, wọ́n sì tún bá a lọ pẹ̀lú iṣu lẹ́nu. Inú ariwo yẹn ni Zénabou ti gbọ́ tí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó sọ pé ajá dúdú ni. Wọ́n gbà pé ajá dúdú ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó tún àwọn ìwé rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe kó lè mú wọn nírọ́. Ó fẹ́ mọ ẹni tó kọ èyí àti ẹni tó kọ tọ̀hún. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ìgéṣọ, ó sì fún oníkálukú lórúkọ. Abẹ̀rùomi wà, tí kì í jẹ́ kí Josette fi ẹsẹ̀ kan omi. Oníjà wà, tó dà bí ẹni pé ó ní àǹtí búburú kan nílé. Oníjẹun wà pẹ̀lú, ẹni tí kò lè kọ ewé mẹ́ta kí wọ́n má tẹ́ oúnjẹ sílẹ̀: ẹja díndín, búrẹ́dì gbígbóná, ọbẹ̀ tó ń yọ èéfín. Gbogbo ibi tó fẹ́ràn nígbà tó wà lọ́mọdé, Oníjẹun ló kọ ọ́. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀, ó sọ fún Bintou pé ebi ló ń pa ẹni yẹn nígbà tó ń kọ ọ́. Bintou bu wàgàsì kan jẹ.

Nísinsìnyí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, wọ́n ń tẹ́ ẹní síwájú Atelier Josette, Zénabou ń sọ ìtàn, àwọn èrò ọjà ń gbọ́ kí wọ́n tó gun alùpùpù lọ sí abúlé wọn. Ọjọ́ ọjà kan wá bọ́ sí ìgbà tí ehín ń dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó há ọsàn sẹ́nu. Àwọn ènìyàn ti jókòó. Ganiou wò wọ́n, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní òun á sọ ọ́.

Ganiou kò mọ òkun. Ó gbé Josette kúrò níbẹ̀ láìdágbére fún àǹtí rẹ̀, ó gbé e wá sí oko kajú lọ́nà Kika, ó ní kó máa ṣọ́ àwọn tó ń jí kajú kó lálẹ́. Àwọn ènìyàn pariwo ayọ̀. Akọ màlúù kan já okùn, ó lé ọmọ náà, ọmọ náà gun igi kajú, màlúù dúró nídìí igi ó ń mí fìn-ìn-fìn-ìn. Ganiou wá dákẹ́. Ó yán, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, òun sì ní ebè láti kọ lọ́la. Ó dìde.

"Tonton Ganiou, ọmọ yẹn ńkọ́?" ni Alidou béèrè.

"Ó wà lókè."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná!" Ẹnu wíwú Zénabou ni ìyẹn ti jáde, ó sì dùn ún gan-an.

"Màlúù kò tí ì lọ," ni Ganiou wí, ó sì wọlé lọ sùn.

Títí di òní yìí, Ganiou kò lè gba ojú ọ̀nà Kika kọjá ní ìrọ̀rùn. Àwọn tó ń tu koríko á nàró, wọ́n á fi ọkọ́ júwe rẹ̀, wọ́n á bi í bóyá màlúù ti kúrò. Ó ní òun ń rò ó. Obìnrin ará Sanson ti mú odidi iṣu méjì, ó fi rán Alidou sí i pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, òjò ń bọ̀. Ganiou gba iṣu. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé ewé igi kajú náà pọ̀, òjò kò ní í pa á.